Ọmọ Àjégúnlẹ̀ ní Àhámọ́ Òkèèrè: Ta Ni Yóò Lọ Wá A?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà mú ọkọ̀ kan tí ó ń jẹ́ Myre Seadiver, wọ́n sì fà á wọ Èkó. Ará Rọ́ṣíà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n kì í ṣe kékeré: wọ́n ní ìbọn àti ọta wà nínú ọkọ̀ náà láìgba àṣẹ. Ilé iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ ní irọ́ ni, pé iṣẹ́ ààbò lọ́wọ́ àwọn ajalèlókun ni àwọn ń ṣe, àwọn sì ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ta ni ó jẹ̀bi, ta ni ó jàre, kóòtù ni ó ni ìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí ará Èkó rántí ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ aṣojú Rọ́ṣíà kò sinmi. Òṣìṣẹ́ wọn ń lọ, ó ń bọ̀. Àwọn ọ̀gá wọn ní Moscow ń sọ̀rọ̀ jáde. Nígbà tí ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, wọ́n gba àwọn ènìyàn wọn sí abẹ́ òrùlé ara wọn. Kí ọdún náà tó parí, àwọn atukọ̀ náà ti ń padà sílé.

Irú èyí kì í ṣe ohun tuntun ní Àpápá. Níbẹ̀ ni ibùjókòó ẹ̀ka ọmọ ogun ojú omi tí ó ń ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn etíkun wa wà, níbẹ̀ sì ni ọkọ̀ oríṣiríṣi ilẹ̀ ti ń já ẹrù, láti Àpápá gan-an títí dé Tin Can. Bí wàhálà bá dé bá atukọ̀ tí ó ti òkèèrè wá, kì í sábà pẹ́ kí lẹ́tà ìjọba rẹ̀ tó dé, kì í sì í sábà pẹ́ kí ẹnì kan tó wá sí ibi tí wọ́n há a mọ́, kí ó béèrè bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ti rí agbẹjọ́rò. Nígbà tí wọ́n mú ọkọ̀ agbépo Heroic Idun ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, tí wọ́n kọ́kọ́ há àwọn atukọ̀ rẹ̀ mọ́ Equatorial Guinea kí wọ́n tó kó wọn wá sí Nàìjíríà, mẹ́rìndínlógún nínú àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà jẹ́ ará Íńdíà. Ìjọba Íńdíà kò gbé ojú kúrò lára wọn títí wọ́n fi gba òmìnira ní ọdún 2023.

Ibi tí púpọ̀ nínú àwọn tí ń ru ẹrù ní èbúté Àpápá ń sùn kò jìnnà. Ẹni tí ó bá gba Boundary kọjá ti wọ Àjégúnlẹ̀. Orúkọ ibẹ̀ gan-an, ààlà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Ègùn àti Haúsá wà níbẹ̀, wọ́n fún mọ́ra nínú ilé tí yàrá kan ń gba ìyá, bàbá àti ọmọ márùn-ún. Àdúgbò tí ó bí Samson Siasia àti Taribo West fún bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, tí Odion Ighalo náà ti dàgbà, kì í ṣe ibi tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù ìrìnàjò. Láti Mile 2 tí kò jìnnà sí wọn ni ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Sẹ̀mẹ̀, tí ó ń bọ́ sí Kùtọnu, Lomé, Accra, títí dé Abidjan. Obìnrin ń lọ ra aṣọ àti bàtà. Ọ̀dọ́kùnrin ń lọ wá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí yóò gbà á. Ẹlòmíràn ń wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tí ó ń ná ọjà ní etíkun, láìmọ ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà dáadáa.

Bí ẹnì kan nínú àwọn wọ̀nyí bá kó sí àhámọ́ láìṣẹ̀, ta ni yóò lọ béèrè bóyá ó ti jẹun?

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdáhùn, kí ó rántí Ìtùnú Babalọlá. Ìtùnú kì í ṣe ọmọ Àjégúnlẹ̀. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó tọ̀ ni ọ̀nà tí ọmọ Àjégúnlẹ̀ ń tọ̀. Bondoukou ni ó fi ṣe ibùgbé, ìlú kan ní àríwá ìlà-oòrùn Côte d'Ivoire, tí kò jìnnà sí ààlà Gánà. Kì í ṣe ohun àjèjì kí ọmọ Yorùbá wà ní ilẹ̀ náà. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni àwọn ará Èjìgbò ti mọ Abidjan bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé baba rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí Faransé yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì ń wá ṣe ọdún ní Èjìgbò, kì í ṣe ìtàn tí ó ń ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́.

Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí akọ̀ròyìn David Hundeyin gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2021, olè ni ó kó ilé Ìtùnú ní ọdún 2019. Ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo ọmọlúàbí láti ṣe: ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ìròyìn náà ní ẹni tí wọ́n fura sí jẹ́ ẹbí ọ̀gá ọlọ́pàá kan níbẹ̀. Wọ́n fi owó díẹ̀ lọ Ìtùnú pé kí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, owó tí kò tó iye ẹrù rẹ̀ tí ó lọ. Ó kọ̀. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi dorí kodò. Olùfisùn di ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Wọ́n ní ó ń kó ènìyàn ṣòwò. Ilé-ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ.

Kí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé tó gbọ́, ó ti lé ní ọdún kan. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, ariwo ta lórí ẹ̀rọ ayélujára. NIDCOM, àjọ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà lókèèrè, èyí tí Abike Dabiri-Erewa jẹ́ alága rẹ̀, ní àwọn ti gbọ́, àwọn yóò sì gbé ìgbésẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣojú wa ní Abidjan dá sí i. Wọ́n gba agbẹjọ́rò. Wọ́n gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dìde. Oṣù ń gorí oṣù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, àjọ náà kéde pé Ìtùnú ti kú. Àìsàn ni wọ́n ní ó pa á, ní àhámọ́, kí ẹjọ́ náà tó dé ibi tí ó ń lọ. Ọmọ ọdún díẹ̀ lé ní ogún ni.

Ìwà òdodo kò jẹ́ kí a sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkankan. Ó ṣe. Ìgbà tí ó ṣe é ni ìṣòro. Ẹni tí ó bá ti dúró ní àgọ́ ọlọ́pàá rí mọ̀ pé ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ni ẹjọ́ ti ń gba ìrísí tí yóò máa gbé kiri. Ìgbà náà ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹni sílẹ̀, ní èdè tí ẹni náà lè má gbọ́ dáadáa, tí wọ́n sì ń ní kí ó fọwọ́ sí i. Ìgbà náà ni aládùúgbò tí ó rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣì ń rántí, tí kò tíì bẹ̀rù, tí kò tíì kó lọ. Ìgbà náà ni ọ̀gá ọlọ́pàá ń wo ọ̀tún, tí ó ń wo òsì, láti mọ̀ bóyá ẹni tí ó wà níwájú òun ní ẹnì kan lẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá wọlé lọ́jọ́ kẹta, tí ó fi káàdì ìdánimọ̀ hàn pé ìjọba Nàìjíríà ni ó rán òun, tí kò pariwo, tí kò bú ẹnikẹ́ni, tí ó kàn jókòó tí ó ní òun fẹ́ ka ìwé ẹ̀sùn, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ irọ́ ni yóò kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí adájọ́ bá ti fi òǹtẹ̀ lu ìdájọ́, àlejò tí kò ní ẹnì kan ní láti wó ògiri tí wọ́n ti mọ parí.

Òfin àgbáyé mọ èyí. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1963 lórí iṣẹ́ àwọn kọ́ńsù, ní abala kẹrìndínlógójì rẹ̀, sọ pé bí orílẹ̀-èdè kan bá mú àlejò, ó gbọ́dọ̀ sọ fún un láìjáfara pé ó ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n fi tó aṣojú ìlú rẹ̀ létí. Bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí. Aṣojú náà ní ẹ̀tọ́ láti lọ bẹ̀ ẹ́ wò, láti bá a sọ̀rọ̀, láti wá agbẹjọ́rò fún un. Ó dára. Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà nínú àdéhùn náà tí àwọn ènìyàn kì í sábà kíyè sí. Ó de ọwọ́ ìlú tí ó mú ènìyàn. Kò de ọwọ́ ìlú tí ó bí i. Ó fún kọ́ńsù ní ẹ̀tọ́ láti lọ. Kò fi dandan lé e pé kí ó lọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó kù fún láti ṣe òfin tí yóò fi dandan náà lé àwọn ikọ̀ tirẹ̀.

Nílé níbí, Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé ààbò àti ìgbé ayé rere àwọn ènìyàn ni ìdí pàtàkì tí ìjọba fi wà. Gbólóhùn náà wúni lórí. Àmọ́ Orí Kejì ni ó wà, òfin kan náà sì sọ pé ohun tí ó wà ní Orí Kejì kò ṣeé tìtorí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Nítorí náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ há sí òkèèrè kò lè lọ sí kóòtù kí ó ní, Olúwa mi, ẹ pàṣẹ fún ikọ̀ wa kí ó lọ wo ọmọ mi. Ẹ̀bẹ̀ ni yóò bẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ a sì máa ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Ní ìparí ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Yunifásítì Maitama Sule ní Kánò lọ ṣe Úmúrà ní Sáúdí Arébíà pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n mú un níbẹ̀ nítorí ẹrù kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, tí oògùn tramadol wà nínú rẹ̀. Ikú ni ìjìyà irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè já sí ní ilẹ̀ náà. Ìwádìí NDLEA, àjọ tí ń gbógun ti oògùn olóró, fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ní pápákọ̀ òfurufú Kánò ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ lẹ ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo ìlú kan, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì pàṣẹ fún agbẹjọ́rò àgbà ìjọba kí ó dá sí i. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n tú u sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ohun kan náà ṣẹlẹ̀, láti pápákọ̀ òfurufú kan náà: wọ́n mú arìnrìnàjò mẹ́ta ní Jeddah nítorí ẹrù tí wọ́n fi orúkọ wọn lẹ̀. Buba Marwa tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà NDLEA kó ẹ̀rí jọ, ó kàn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sáúdí, ó sì fi ẹ̀rí náà lé wọn lọ́wọ́. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀.

Kí ìjọba gba oríyìn fún èyí, ó tọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ ojú ìjà sí Sáúdí. Kò sí ẹni tí ó tẹ́ ìdájọ́ wọn lójú. Ẹ̀rí ni wọ́n gbé lọ, kíákíá, láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Bondoukou dun ni jù, nítorí ó fi hàn pé àìlágbára kọ́ ni ó pa Ìtùnú. Ọ̀nà Sáúdí jìn ju ti Côte d'Ivoire lọ, òfin wọn le ju tiwọn lọ, wọn kò sì sí nínú ECOWAS bí àwa àti Côte d'Ivoire ṣe jọ wà níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní orílẹ̀-èdè ńlá ni irú iṣẹ́ yìí yẹ, pé Rọ́ṣíà ní ohun ìjà, Íńdíà ní èrò púpọ̀. Kí wọ́n gbọ́ ti Gínì, orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ kéré sí tiwa. Ahmadou Sadio Diallo jẹ́ ọmọ Gínì tí ó ti ń gbé ní Kóńgò láti ọdún 1964. Ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń gbé kọ̀ǹténà, iṣẹ́ tí Àpápá fi ń jẹun. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti ìjọba Kóńgò fúnra rẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ó ń béèrè owó rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1995 wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì lé e kúrò nílùú ní òpin oṣù Kìíní ọdún 1996, òun tí ó ti gbé níbẹ̀ ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ní ọdún 1998, Gínì gbé Kóńgò lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague nítorí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹjọ́ náà pẹ́. Ìjọba yí padà ní Conakry, wọ́n kò fi ẹjọ́ sílẹ̀. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ náà dá Kóńgò lẹ́bi: àtìmọ́lé náà kò bófin mu, wọn kò sì sọ fún Diallo pé ó ní ẹ̀tọ́ láti ké sí aṣojú ìlú rẹ̀, èyí tí abala kẹrìndínlógójì Àdéhùn Vienna béèrè. Ní ọdún 2012, wọ́n ní kí Kóńgò san ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rùn-ún dọ́là.

Owó náà kò tó ohun tí Diallo pàdánù. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tí ó bá gbọ́ pé Gínì lè tìtorí ènìyàn kan fi ọdún méjìlá jókòó sí The Hague yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó na ọwọ́ sí ọmọ Gínì mìíràn.

Kí ni Nàìjíríà ń ṣe ní irú àkókò yìí? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ikọ̀ orílẹ̀-èdè yìí padà wálé láti òkèèrè. Ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba tuntun a máa yan ènìyàn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òpin ọdún 2025 ni orúkọ àwọn tí yóò rọ́pò wọn tó dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Ó lé ní ọdún méjì tí àga ikọ̀ fi ṣófo káàkiri àgbáyé. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kù ń ṣe iṣẹ́, òótọ́ ni, àwọn kan nínú wọn sì ń ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n adelé kì í ní ẹnu bí onílé. Bí mínísítà ìlú mìíràn bá gbọ́ pé adelé ni ó fẹ́ rí òun nítorí oníṣòwò kan tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni yóò máa sọ, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ náà a sì máa bí ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ohun tí ó yẹ kí Abuja ṣe kò fara sin. Jámánì ti ní òfin láti ọdún 1974 tí ó fi iṣẹ́ lé kọ́ńsù lọ́wọ́ lórí ọmọ ìlú rẹ̀ tí ó bá wà ní àhámọ́. Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n fi orúkọ Robert Levinson sọ ọ́, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó sọnù sí Ìránì. Òfin náà to àwọn àmì tí wọn yóò fi mọ̀ pé àtìmọ́lé ẹnì kan kò tọ́, ó sì dá ọ́fíìsì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà múlẹ̀ sínú òfin. Èyí tí Nàìjíríà nílò kò tilẹ̀ ní láti gùn tó bẹ́ẹ̀. Kí òfin sọ iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣojú gbọ́dọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n mú lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́. Kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó sì fún ẹbí ẹni náà ní ẹ̀dà kan. Bí kò bá lọ, kí ẹbí lè pè é lẹ́jọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn tí ń ṣojú Àpápá àti Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò gbọ́dọ̀ dúró de ẹlòmíràn kí wọ́n tó gbé irú àbádòfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Àwọn ènìyàn wọn ni ó wà lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀.

Ẹnì kan lè ní: ṣé ìjọba yóò wá máa sáré tẹ̀ lé gbogbo gbájúẹ̀ àti olóògùn olóró tí ó sọ orúkọ Nàìjíríà di ẹlẹ́gbin lókèèrè? Ìbéèrè náà ní ìdí. Àwọn ọmọ wa kan ń hu ìwà tí ń tì wá lójú, ohun tí ó sì sọ Ìtùnú di ẹni tí ẹ̀sùn kíkó ènìyàn ṣòwò rọrùn láti lẹ̀ mọ́ ni pé àwọn mìíràn ń ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí kọ́ńsù lọ wo ènìyàn kò túmọ̀ sí pé ó ti dá a láre. Ó lọ kí ó lè mọ èyí tí ó jẹ́ olè àti èyí tí olè jà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àwọn àgbà ń pè ní ọ̀gá òṣìkà, bí kò bá sì sí ẹni tí ó gbọ́ ti Ìtùnú lẹ́nu rẹ̀ ní Bondoukou lọ́dún 2019, ẹnu ọlọ́pàá nìkan ni gbogbo ayé gbọ́.

Ilẹ̀kùn kan tún wà tí àwọn ará Àjégúnlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Kóòtù ECOWAS wà ní Abuja, ìrìn alẹ́ kan nínú bọ́ọ̀sì láti Èkó. Láti ọdún 2005 ni ẹnikẹ́ni ti lè gbé orílẹ̀-èdè tí ó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀ nítorí pé ó tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba gbogbo kóòtù orílẹ̀-èdè náà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan tí wọ́n tà sí oko ẹrú ní Niger ṣe jàre ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ní kóòtù yìí ní ọdún 2008. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà ti dín: ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹni tí ń gba Burkina kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí ó lè gbà á sílẹ̀ lánàá lè má sí níbẹ̀ lónìí. Bóyá ni ẹnikẹ́ni sọ èyí fún àwọn èrò ní gáréèjì Mile 2.

Àìmọ̀ yìí ni ó ń pa ẹbí lára jù. Ká ní ìpè wọlé ní òru sí ilé kan ní Àjégúnlẹ̀, pé ọmọ wọn wà ní àgọ́ ọlọ́pàá ní ìlú tí wọn kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ìyá yóò sáré lọ bá pásítọ̀ tàbí àáfà. Bàbá yóò lọ bá alága àdúgbò. Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan yóò yọjú tí yóò ní òun mọ ènìyàn kan ní Abuja, kí wọ́n mú owó wá. Wọn yóò dá owó àjọ jọ, wọn yóò ta ẹ̀rọ ìránṣọ, owó yóò lọ, onítọ̀hún kò ní gbé ìpè mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni ọmọ wọn nílò jù láyé.

Kí ni yóò ná ìjọba ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn láti fi òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo sí ilé iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú tábìlì kan àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kan, tí yóò gba orúkọ, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, ìlú àti ọjọ́ tí wọ́n mú ènìyàn, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí NIDCOM àti ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè lọ́jọ́ kan náà, kí ó fún ẹbí ní ìwé tí ó fi hàn pé ó ti ránṣẹ́? Kí ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá ṣe irú rẹ̀, nítorí àwọn atukọ̀. Ẹni tí ń rìnrìnàjò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí ó fi ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀ sílẹ̀ nílé, kí ó sì mọ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ aṣojú wa ní ìlú tí ó ń lọ kí ó tó gbéra. Bí wọ́n bá mú un, kí ó béèrè fún kọ́ńsù kí ó tó fọwọ́ sí ìwé kankan tí kò lè kà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní pé bí a kò bá mẹ́nu kan Kirikiri. Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà wà lẹ́bàá Àpápá, kò sì jìnnà sí Àjégúnlẹ̀. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa, àwọn tí ń dúró de ìgbẹ́jọ́ pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ lọ, ọ̀dọ́ Àjégúnlẹ̀ tí ọlọ́pàá ti kó lójú títì lálẹ́ rí kò sì nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé àtìmọ́lé láìṣẹ̀ fún un. Bí ọlọ́pàá wa bá mú ọmọ Tógò tàbí ará Bẹ̀nẹ̀, ǹjẹ́ a ń sọ fún un pé ó lè ké sí aṣojú ìlú rẹ̀? Ǹjẹ́ a ń wá ògbufọ̀ fún un? Bí ikọ̀ wa bá lọ bèèrè ẹ̀tọ́ yìí ní Abidjan tàbí Malabo, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni bí a ṣe ń ṣe é nílé.

Àwọn ikọ̀ tuntun ń lọ sí ibùjókòó wọn. Wọn yóò kó ìwé àṣẹ lọ fún ààrẹ ibi tí wọ́n ń lọ, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò sọ̀rọ̀ nípa òwò àti ìbáṣepọ̀. Lẹ́yìn náà, kí èyí tí ó lọ sí Abidjan ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní orúkọ gbogbo ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n wọn, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan olúkúlùkù, àti ọjọ́ tí wọ́n mú un. Kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀wò rẹ̀ láti Bondoukou.